Òkúta Aláṣọ Funfun

Bàtà méjì ni Ọbanijésù kọ́kọ́ rí. Bàtà ńlá tó ga dé ojúgun ni, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó yọ síta láti inú òkìtì ewé lábẹ́ igi kan ní páàkì Peckham Rye. Ó fi ojú tọ bàtà náà lọ, ó kan ṣòkòtò, ó kan jákẹ́ẹ̀tì tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ewé gbígbẹ, ó kan ìbòrí tí wọ́n wé mọ́ orí. Obìnrin ni. Ó dojú bolẹ̀, kò sì mira.

Ìgbà ìwọ́wé ni, àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú lẹ́yìn òrùlé. Ọbanijésù ń ti ìsìn àfẹ̀mọ́júmọ́ bọ̀. Ó wọ sútànà funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán bí àṣà ìjọ wọn, agogo àdúrà tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀ wà nínú báàgì. Inú páàkì ló gbà torí pé kò lè dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ó kàwé ìṣirò jáde ní yunifásítì, iṣẹ́ rẹ̀ ní gáréèjì kan sì ni kí ó máa to shift àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì kí ẹnikẹ́ni má baà dúró pẹ́. Òun gan-an kò lè dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bí ó bá jókòó, orúnkún rẹ̀ a máa gbọ̀n bí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀.

Ọmọ Aládùúrà kì í rí ẹni tó dojú bolẹ̀ kó kọjá lọ. Ọbanijésù kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, ó fa agogo yọ, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi ohùn tí wọ́n fi ń jí òkú bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe Ọlọ́run Mósè.

Ohun pupa kan ta pọ́ún láti ẹ̀yìn igi, ó fi ìrù gbá ewé, ó sì wọgbó lọ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni.

Obìnrin náà rọra yí ojú padà. Kámẹ́rà ẹlẹ́nu gígùn kan wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ lásán, ó wo sútànà, ó wo agogo.

“Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá,” ni ó wí. “Mo ti dùbúlẹ̀ síbí fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

“Mo rò pé ẹ ti dákú ni, Sister.”

“Ẹ ṣeun, áńgẹ́lì. Ẹ ti jí mi. Ẹ sì ti jí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.”

Ọbanijésù bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Bí ó ti kúnlẹ̀ síbẹ̀ tí agogo ń dún fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín gba obìnrin náà mú. Ó jókòó, ó gbọn ewé kúrò lórí ìbòrí, ó sì ṣa ewé kan kúrò ní èjìká sútànà. Ó ní aṣọ náà mọ́, ó ní ó dà bí ehoro tó wà lórí yìnyín. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ẹrù rẹ̀ kọ́ èjìká, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí Ọbanijésù rí dì mú ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tẹ̀ sára báàgì kámẹ́rà náà. Ó mọ ṣọ́ọ̀bù náà. Rye Lane ló wà, wọ́n ń ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù. Ní Ọjọ́bọ̀, ó padà wá, ó ní ojú òun kò hàn dáadáa nínú ti àkọ́kọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé kejì tó tún yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ọmọbìnrin inú páàkì náà, tó ń ya fọ́tò níbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Yusrah, ká apá mọ́ àyà.

“Orílẹ̀-èdè mélòó lẹ fẹ́ sá lọ gan-an?”

“Ọ̀kan péré ni mo fẹ́ wọ̀. Wọn ò tíì fún mi ní físà.”

“Ẹ jókòó. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ má rẹ́rìn-ín, wọn kì í gba fọ́tò ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.”

Ó rẹ́rìn-ín. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, àga ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Fọ́tò mẹ́fà ló bàjẹ́ kí ọ̀kan tó dára.

“Ìwọ yìí,” ni Yusrah wí, ó ti gbàgbé pé òun ń pọ́n ọn lé, “o le ju kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ.”

Ọbanijésù jáde sí Rye Lane pẹ̀lú fọ́tò méjìlá tí kò wúlò fún un. Orí rẹ̀ wú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu físà fún.

Láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, láti ibùdókọ̀ ojú irin lọ sí páàkì, wọ́n á ra pọfù-pọfù, wọ́n á jẹ ẹ́ tán kí ó tó tutù. Lẹ́nu ìrìn yìí ni Yusrah ti sọ ti ehoro náà fún un.

Ehoro kan wà lórí àwọn òkè Scotland. Ní ìgbà ooru, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní. Ní ìgbà òtútù, ó funfun bí yìnyín. Ṣùgbọ́n bí ìgbà ìwọ́wé bá ń di ìgbà òtútù, ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà tí ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀ á ti funfun, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì jẹ́ ti ilẹ̀. Àwòrán ehoro náà láàárín ìparadà yẹn ni Yusrah ń wá. Láti òkèèrè kọ́. Ó fẹ́ kó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á lè ka irun ẹnu rẹ̀. Lọ́dọọdún ni ó máa ń kó ìsinmi rẹ̀ jọ, tí òun àti Bethany, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì, á wọ ọkọ̀ ojú irin ní King's Cross. Ọdún méjì ló ti lọ, ọdún méjì ló ti bọ̀ pẹ̀lú àwòrán etí àti ìdí ehoro tó ń sá lọ.

Ọbanijésù bi í bóyá nítorí pé wọ́n bí i sí Peckham tí ó sì ń sọ Yorùbá ni ó ṣe fẹ́ràn ẹran aláwọ̀ méjì.

Yusrah dúró sójú ọ̀nà. “Gbogbo òyìnbó ló máa ń bi mí bẹ́ẹ̀. Mi ò pé méjì o jàre, odindi ni mí. Ehoro yẹn kàn rẹwà ni.”

Ọbanijésù kò tún bi í mọ́. Ó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé obìnrin yìí ni.

Ní oṣù Kọkànlá, Yusrah tún lọ. Ó lo ọjọ́ mẹ́jọ. Ó padà dé, imú rẹ̀ bó, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ọbanijésù kò tù ú nínú. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló tọrọ, èyí tó fi ń kọ ọjọ́, wákàtí, ojú ọjọ́ àti ibi tó ti rí ehoro kọ̀ọ̀kan láti ọdún mẹ́ta. Yusrah gbé e fún un bí ẹni gbé ìkókó fúnni.

Ṣé ẹ mọ irú ẹni tí kì í lè fi àdììtú sílẹ̀ láìtú? Irú wọn ni Ọbanijésù. Gbogbo ìgbà òtútù náà, nínú ọkọ̀, lórí tábìlì oúnjẹ, lẹ́yìn ìsìn, ó ń to ehoro bí ẹni ń to bọ́ọ̀sì. Ó ya àwòrán òkè náà, ó fi ibi gbogbo òkúta ńlá tó wà lórí rẹ̀ sí i. Méje péré ni. Nígbà tí ó di oṣù Kẹta, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù fọ́tò láìkan ilẹ̀kùn.

“Ibi kan náà lo máa ń lúgọ sí,” ni ó wí. “Ehoro kì í jókòó síbì kan náà. Afẹ́fẹ́ ló ń tẹ̀lé. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ wá, ó máa ń fi òkúta sáàárín òun àti afẹ́fẹ́. Bá a bá mọ afẹ́fẹ́ òwúrọ̀, a ti mọ òkúta. Bá a bá mọ òkúta, a ti mọ ehoro.”

Yusrah wo ìwé náà títí. Oníbàárà kan jókòó sórí àga, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń retí.

“Ìwọ àti èmi la jọ ń lọ lọ́dún yìí,” ni Yusrah wí. “Ṣùgbọ́n o máa kọ́kọ́ rí Daddy.”

Alápatà ni Alhaji Yẹ̀kínì, bàbá Yusrah. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ta ẹran ní Peckham, kò sì sí ilé ìjọsìn ní àdúgbò, ti Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì, tí wọn kò ti mọ ọ̀bẹ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí Yusrah wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ irun dídì, tó ń di irun ọmọ náà láràárọ̀ kí ó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Yusrah ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sí òfin ilẹ̀ yìí tó lè dè é mọ́. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ wúwo lórí rẹ̀ ju òfin lọ.

Ọbanijésù dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Alhaji ní kí ó dìde, ó fi àpótí kan hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá òtútù, ó sì ń gé ẹran rẹ̀ lọ. Ó dá oníbàárà mọ́kànlá lóhùn. Kò wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù dá, ó nu ọ̀bẹ.

“Ìyá tó bí mi, aṣọ funfun bíi tiyín ni wọ́n wọ̀ títí a fi sin wọ́n,” ni ó wí. “Torí náà mi ò ní fi ẹ̀sìn lé ọ. Bí Lémọ́ọ̀mù bá bi mí, èmi ni màá dá wọn lóhùn. Orúnkún rẹ ni mò ń wò.”

Ọbanijésù wo orúnkún rẹ̀. Ó ń gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, èkejì bẹ̀rẹ̀.

“Ọmọ mi lè dùbúlẹ̀ sójú kan fún wákàtí mẹ́rin. Ìwọ, láti ìgbà tí o ti jókòó, ẹsẹ̀ rẹ ò tíì sinmi. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ra ẹran. Mo mọ èyí tó máa dúró, mo mọ èyí tó máa já okùn. Ìwọ máa já okùn, ọmọ mi.”

“Ẹ jẹ́ kí n bá a lọ sórí òkè, Alhaji. Ẹ máa rí i.”

Alhaji rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ẹran tí èèyàn kò lè jẹ, tí kò lè tà, òun kò mọ ohun tí ọmọ òun ń wá lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti gbà fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó ń bọ̀ yìí ni ìkẹyìn: bí Yusrah bá tún padà lọ́wọ́ òfo, kó gbé kámẹ́rà sílẹ̀, kó wá dúró ti ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé ọjọ́ ogbó ti ń dé. Ọ̀rọ̀ ọmọ aláṣọ funfun náà á sì parí síbẹ̀.

“Kí Bethany wà láàárín yín,” ni ó fi kádìí rẹ̀.

Nígbà tí ìgbà ìwọ́wé tún dé, tí wọ́n fẹ́ gbéra, ìyá Ọbanijésù ló kó ẹrù rẹ̀. Mummy Aránṣọ ni gbogbo ìjọ ń pè wọ́n. Wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ọjọ́ Àìkú dé, wọ́n á máa rán sútànà. Gbogbo sútànà tí wọ́n bá rán fún ọmọ wọn ni wọ́n máa ń fi òwú búlúù ta kókó kékeré kan sí ní ìṣẹ́tí, kó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn níbi tí ìjọ ti ń fọṣọ. Wọ́n ká ọ̀kan, wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ báàgì.

“Mummy, fọ́tò la fẹ́ lọ yà o.”

“Orí òkè ni àwọn wòlíì ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. O ò ní lọ sórí òkè kí o má mú aṣọ rẹ dání.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní. Ilé kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè ni wọ́n wọ̀ sí, Yusrah àti Bethany nínú yàrá, Ọbanijésù lórí àga gígùn ní pálọ̀. Àwọn ewé tó kù lórí igi ti di wúrà, orí òkè ti ń funfun ní ṣóńṣó.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn. Ọbanijésù wo ìwé, ó ní òkúta kẹta ni. Òun àti Yusrah gòkè, Bethany dúró sílé, wọ́n lúgọ nínú igbó kúkúrú tó pọ́n bí èèpo kòkó. Ehoro wà níbẹ̀. Ibi tí Ọbanijésù wí gan-an ló jókòó sí, ẹ̀yìn rẹ̀ bá òkúta, ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Yusrah di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò gbàgbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fàyà fà súnmọ́ ọn. Ó ku bí ìgbésẹ̀ ogún nígbà tí orúnkún Ọbanijésù mì. Òkúta wẹ́wẹ́ kan yí. Ehoro náà ti lọ.

Ní ọjọ́ kejì, òkúta karùn-ún, ehoro wà níbẹ̀, orúnkún tún mì.

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, Ọbanijésù kò lè jẹun. Ó ní òun á bá Bethany dúró sílé lọ́la, kí òun má baà fi ẹsẹ̀ òun ba ayé ẹlòmíràn jẹ́. Ó ní Alhaji ti rí òótọ́, pé òun kì í ṣe ẹran tó ń dúró.

Yusrah ń nu ojú kámẹ́rà. Kò gbójú sókè. “Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá ehoro yẹn kiri òkè. O fi ọjọ́ méjì wá a fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Bó o bá dúró sílé, ta ló máa ka afẹ́fẹ́ fún mi?”

“Àmọ́ ẹsẹ̀ mi ńkọ́?”

“Mú un dání. Kí la fẹ́ ṣe sí i.”

Ní òwúrọ̀ kẹta, ayé ti yí padà. Yìnyín ti rọ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó bo òkè mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà ti yí: ìlà-oòrùn ló ti ń bọ̀. Ọbanijésù tú ìwé títí, ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Nínú ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn fẹ́, Yusrah kò sì rí ehoro kankan lọ́jọ́ méjèèjì. Ó ní láti jẹ́ pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oúnjẹ àwọn ehoro wà, ni wọ́n máa ń sá lọ, kò sì sí òkúta kan níbẹ̀. Pẹrẹsẹ ni.

Ó dúró lórí yìnyín, ó ń wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà. Ohun tí kò sí ló ń wò. Lójijì ó pa ìwé dé.

“Òkúta ni kò sí níbẹ̀,” ni ó wí. “Ohun tó kù nìyẹn. Ehoro wà, afẹ́fẹ́ wà, oúnjẹ wà. Èmi ni màá jẹ́ òkúta.”

Yusrah wo jákẹ́ẹ̀tì dúdú tó wọ̀. “Lórí yìnyín? Ehoro máa rí ọ láti ìlú Inverness lọ́hùn-ún.”

Ọbanijésù ti ń tú báàgì rẹ̀. Ó fa sútànà yọ. Ó wọ̀ ọ́ sórí jákẹ́ẹ̀tì, ó fà á bo bàtà, ó rìn lọ sí àárín pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn, ó sì ká ara rẹ̀ jọ bí òkúta. Yusrah wò ó fún ìgbà díẹ̀. Òun náà tú báàgì tirẹ̀, ó mú ìbòrí funfun gígùn tó fi ń kírun jáde, ó fà á wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí i, kámẹ́rà nìkan ló yọjú.

Wákàtí àkọ́kọ́ ni orúnkún náà bá a jà. Ó ń fà á bí ajá tó fẹ́ já okùn. Ó ka Sáàmù tó mọ̀, ó tán. Ó to shift àwọn awakọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó tán. Ó ronú ọ̀bẹ Alhaji. Nígbà tó yá, kò sí ohun tó kù láti rò mọ́, ó wá ku òun àti ẹ̀yìn rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń lù. Ó mọ̀ pé ní iwájú òun, níbi tí àyà àti orúnkún òun ká sí, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ débẹ̀. Ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, Ọbanijésù wúlò fún ẹ̀dá kan nípa pé kò ṣe nǹkan kan. Orúnkún náà dákẹ́. Kò mọ ìgbà tó dákẹ́.

Wákàtí kẹta ti kọjá nígbà tí ó gbọ́ ohùn kan nínú yìnyín, bí ẹni ń jẹ gúgúrú jẹ́jẹ́. Nǹkan kan rọra fara ti sútànà. Ó gbóná. Ehoro náà wọ ẹ̀bá orúnkún rẹ̀, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó tún ara tò, ó sì kẹ̀yìn sí i bí ẹni tó dé ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun, ikùn rẹ̀ funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ilẹ̀. Ọbanijésù ń gbọ́ ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ nínú egungun orúnkún tirẹ̀.

Ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, Yusrah ń yà á. Omi ojú ń dí i lójú, ó sì ń yà á.

Nígbà tí ehoro náà ṣe tán, ó na ara, ó lọ. Wọn kò dìde fún ìgbà pípẹ́. Yusrah ló kọ́kọ́ fàyà fà wá, ó jókòó síbi tí ehoro ti dìde, níbi tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ dé.

“Mo ti di òkúta fún ọ,” ni Ọbanijésù wí nígbà tí eyín rẹ̀ gbà á láyè.

“Mo rí i.”

“Òkúta a máa gbéyàwó bí?”

“Bí ìyàwó bá ti rí ibi sá fún afẹ́fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí ló tún ń wá?” Ó gbọn yìnyín kúrò ní èjìká sútànà, bó ṣe gbọn ewé níjọ́ kìíní. “Ṣùgbọ́n Daddy lo máa bi o, olólùfẹ́ mi. Èmi kọ́.”

Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Alhaji kọ̀ láti wo fọ́tò náà nínú fóònù. Ó ní òun kì í wo ẹran nínú fóònù. Mummy Aránṣọ ní tiwọn tú báàgì, wọ́n rí sútànà tí ẹrẹ̀ dúdú òkè ti gbà, irun ehoro lẹ̀ mọ́ ọn. Ọbanijésù jẹ́wọ́ pé òun fi í lúgọ de ẹran. Ìyá rẹ̀ kò bínú síta. Wọ́n ní aṣọ tí àwọn fi ààwẹ̀ rán, ọmọ ti sọ ọ́ di aṣọ ọdẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn kò fi rán nǹkan kan mọ́, ẹ̀rọ náà dákẹ́ nínú ilé, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sì dun Ọbanijésù ju èébú lọ.

Ní oṣù Kìíní, gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye gbé iṣẹ́ àwọn ayàwòrán àdúgbò kalẹ̀ fún aráyé wò. Fọ́tò Yusrah ni wọ́n fi sí ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ga ju ènìyàn lọ. Alhaji Yẹ̀kínì ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án Sátidé, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Bí ó ti wọlé ni Mummy Aránṣọ náà dé, Ọbanijésù ló bẹ̀ wọ́n wá.

Alhaji dúró níwájú ehoro náà bí ó ṣe máa ń dúró níwájú àgbò tó fẹ́ rà. Ó wo ẹsẹ̀, ó wo ikùn, ó wo etí. Ó ka irun ẹnu rẹ̀.

“Ó sanra,” ni ó wí. “Ara rẹ̀ le. Àpáta wo ló fara tì yìí?”

“Àpáta kọ́, Daddy. Ọbanijésù ni.”

Alhaji tẹ̀ síwájú díẹ̀. “Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Daddy.”

“Fún wákàtí mélòó?”

“Mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú. Mo kà á.”

Kí Alhaji tó fèsì, Mummy Aránṣọ ti gbé gíláàsì sójú, wọ́n ti súnmọ́ ògiri débi tí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ehoro. Ní ìsàlẹ̀ fọ́tò náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ funfun tí ehoro fi tẹlẹ̀, kókó òwú búlúù kan wà ní ìṣẹ́tí aṣọ.

“Òwú mi nìyí,” ni wọ́n wí, kò sí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n wá yíjú sí òyìnbó àgbàlagbà kan tó dúró nítòsí, wọ́n sì fi Yorùbá ṣàlàyé fún un. “Èmi ni mo rán aṣọ yìí. Ẹranko inú igbó wá sinmi sára aṣọ tí mo rán. Ṣé ẹ rí i?” Òyìnbó náà mi orí, ó rí i. Wọ́n wá nawọ́ sí ọmọ wọn, wọ́n fà á mọ́ra níwájú gbogbo èèyàn.

Alhaji ní tirẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó wo fọ́tò náà títí, ó kí gbogbo wọn, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò ránṣẹ́. Ọbanijésù kò gbọ́dọ̀ béèrè, Yusrah náà kò gbọ́dọ̀ béèrè. Ẹni tó ti dúró bíi wákàtí mẹ́rin á tún dúró.

Ẹnu oníbàárà ni ọ̀rọ̀ náà gbà jáde. Obìnrin kan nínú ìjọ wọn lọ ra ẹran ewúrẹ́, ó rí i pé Alhaji ti gbé fọ́tò ehoro kọ́ sórí káńtà, ńlá, ó ní gíláàsì. Obìnrin náà ṣàwàdà pé èló ni ẹran tòkè yẹn. Alhaji gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́.

“Ẹran kan ṣoṣo tí mi ò ní tà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí nìyẹn,” ni ó wí. “Ọmọ mi ló yà á, Yusrah. Ọmọ Peckham yìí ló gun òkè tí àwọn tó ni òkè ń sá fún. Òkúta tó wà lẹ́yìn ehoro yẹn, ọkọ rẹ̀ ni.”

Gbogbo ìlà oníbàárà ló gbọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú, gbogbo Rye Lane ti gbọ́, ẹni méje sì ti pe Ọbanijésù lórí fóònù láti kí i kú oríire.

Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ bọ́ sí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹrin, ní pálọ̀ Alhaji, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n lọ fọwọ́ síwèé ní rẹ́jísírì. Wòlíì gbàdúrà, Lémọ́ọ̀mù náà gbàdúrà. Lémọ́ọ̀mù ti bi Alhaji ní ìbéèrè tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, Alhaji sì ti dá a lóhùn bó ṣe wí. Mummy Aránṣọ jókòó gàgàrà, sútànà tuntun tí wọ́n rán fún ọmọ wọn wà lórí itan wọn, kókó búlúù méjì ni wọ́n ta sí i. Bethany dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú kámẹ́rà, torí lónìí ẹlòmíràn ni yóò ya ayàwòrán.

Wọ́n ní kí ìyàwó máa bọ̀. Gbogbo ilé dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ni àga Ọbanijésù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Orúnkún náà ti dé.

Alhaji Yẹ̀kínì dìde láti àárín àwọn ẹbí rẹ̀, ó rìn kọjá pálọ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ aláṣọ funfun náà. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó wúwo lé orúnkún ọmọ náà. Kò wo ojú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

“Fara balẹ̀, ọmọ mi,” ni ó rọra wí. “Bó o bá mira, á sá.”

Orúnkún náà dúró. Ilẹ̀kùn ṣí.